Iná Nínú Ilé Àwọn Tó Ti Sọ̀ Kalẹ̀

Ọjọ́ tí a sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, mo ru apẹ̀rẹ̀ aṣọ mi, ìkòkò ọbẹ̀ méjì tí mo fi ẹní wé kí wọ́n má baà fọ́, àti ọmọ odó. Odó fúnra rẹ̀ wúwo ju ohun tí ènìyàn lè rù gba ojú àpáta sọ̀ kalẹ̀ lọ. Ọkọ mi ní kí n fi í sílẹ̀, ó ní igi pọ̀ ní ìsàlẹ̀, òun yóò gbẹ́ òmíràn fún mi. Mo mọ̀ pé ọmọ odó láìsí odó kò wúlò fún nǹkan kan, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò jẹ́ kí n fi í sílẹ̀.

Ìyàwó ọdún mẹ́ta ni mí nígbà náà. Orí òkè ni ìlú wa, Ìdànrè, wà láti ayé àwọn baba ńlá wa, nínú àfonífojì kan tí àpáta yí ká. Nítorí ogun ni wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ dó síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ogun ti tán. Òyìnbó aláṣẹ ti dé, kòkó ti ń mú owó wọlé, mọ́tò kò sì lè gun òkè. Ilé ìwé wà ní ìsàlẹ̀, ọjà ti ń kó lọ sí ìsàlẹ̀, oko sì ti wà ní ìsàlẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ẹnì kan bá ta kòkó tó rí owó dáadáa, kò ní pẹ́ tí a ó fi gbọ́ pé ó ti ń mọlé. Báyìí ni àwọn ènìyàn ṣe ń lọ, agbo ilé kan lónìí, òmíràn lóṣù tó ń bọ̀, láìsí ìkéde, láìsí ìdágbére tó lórúkọ.

Nígbà tó kan àwa, ìyá ọkọ mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń bó ẹ̀gúsí. Yèyé ni gbogbo wa ń pè é.

Ọkọ mi ní, "Yèyé, a ti ń lọ o."

"Ẹ máa lọ. Ẹsẹ̀ yín á gbà á."

"Ẹ̀yin náà ńkọ́? Yàrá yín wà níbẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo kùn ún."

"Mo gbọ́. Bí mo bá bá ọ lọ, ta ni yóò wà pẹ̀lú bàbá rẹ?"

Abẹ́ ẹní tí Yèyé ń sùn lé ni wọ́n sin bàbá ọkọ mi sí, bí wọ́n ṣe ń sin àgbà ní ilé wa. Ọkọ mi wo ilẹ̀. Ó gbé ẹrù rẹ̀ karí, ó sì ṣáájú. Mo tẹ̀ lé e.

Èmi náà ní ẹni tí mo fi sílẹ̀ lẹ́yìn ilé náà, ní ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọmọbìnrin ni, òun ni àkọ́bí mi. Oṣù méje ló lò, ikọ́ ló mú un lọ. Ọkọ mi kò dárúkọ rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín, èmi náà sì ti kọ́ bí a ṣe ń pa ẹnu mọ́. Lọ́jọ́ tí à ń lọ, mi ò lè yà lọ síbẹ̀. Mo rò pé bí mo bá yà, mi ò ní lè rìn mọ́.

Ilé tuntun wa jẹ́ yàrá mẹ́rin tó kọjú síra, ọ̀nà tóóró kan la àárín wọn já láti iwájú dé ẹ̀yìn. Amọ̀ ni ògiri rẹ̀, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ iwájú nìkan, wọ́n sì kan páànù lé e lórí. Yàrá kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan ní kọ́kọ́rọ́. Mi ò lo kọ́kọ́rọ́ rí láyé mi. Akódi ni ilé wa lórí òkè: àwọn yàrá yí ojúde kékeré kan ká, òrùlé dà sí àárín, òjò sì ń kán sínú ìkòkò tí a tò síbẹ̀. Èèyàn bí ogún ló ń gbébẹ̀. Bí mo bá sín, ẹni tí mi ò rí yóò kí mi láti òdìkejì. Bí ẹnì kan bá din ẹ̀pà, gbogbo wa la ó jẹ nínú rẹ̀.

Kí wọ́n tó kọ́ ilé kankan ní ìsàlẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba kan ti wá ta okùn la igbó já. Wọ́n kan èèkàn mọ́lẹ̀, wọ́n ní kí oníkálukú dúró síbi èèkàn tirẹ̀. Èèkàn ọkọ mi bọ́ sí ìlà iwájú, ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bọ́ sí ìkángun kejì, lẹ́yìn ọjà. Àwọn méjèèjì ti ń jẹun nínú àwo kan láti kékeré. Ó di kí wọ́n máa ránṣẹ́ sí ara wọn.

Ilé náà lẹ́wà, n kò ní purọ́. Àwọn tó ń kọjá a máa dúró wò ó. Ṣùgbọ́n oko kòkó ọkọ mi jìn, ó wà nínú igbó ńlá lọ́nà Òfósù, bó bá sì lọ, ó lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Èmi nìkan á wà nínú yàrá mẹ́rin. Mo máa ń se oúnjẹ bí ẹni tó wà láàrin èrò, nítorí ọwọ́ mi kò tíì mọ ìwọ̀n ẹnì kan. Ọbẹ̀ á kan, màá dà á nù, lọ́jọ́ kejì màá tún se bẹ́ẹ̀.

Òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀ sórí páànù bá mi ní ọ̀nà àárín ilé. N kò gbọ́ irú ariwo bẹ́ẹ̀ rí. Mo pariwo pe orúkọ ara mi, kí n lè mọ̀ bóyá ohùn mi ṣì wà. Mi ò gbọ́ ọ.

Obìnrin kan ń gbé ní ilé kejì, Mùsùlùmí ni. Òun àti ọkọ rẹ̀ ń ta iyọ̀, ọṣẹ àti kẹrosíìnì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn. Wọn kì í ṣe ọmọ Ìdànrè, òwò ló gbé wọn dé, wọ́n sì gba yàrá méjì lọ́wọ́ onílé. Ó jù mí lọ dáadáa, nítorí náà ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè é. Lọ́jọ́ kan ó rí mi lórí òkúta iwájú ilé wa, ibẹ̀ ni mo ti jókòó láti àárọ̀.

"Ìyàwó, kí ló dé tí o fi jókòó síta bí ẹni tí wọ́n lé jáde?"

"Ilé náà ló tóbi jù fún mi, ẹ̀gbọ́n."

Ó rẹ́rìn-ín, ó wá jókòó tì mí. "Èmi, ibi tí mo bá tẹ́ ẹní ìrun mi sí ni ilé mi. Ìlú kẹrin mi rèé."

"Kò ha dùn yín láti máa fi ilé sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Ó dùn mí ní ìlú àkọ́kọ́," ló wí, ó dìde lọ dá oníbàárà lóhùn.

Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá ti gbọ́ tó ń ṣe àlùwàlá láàárọ̀, tí omi ń dún nínú kẹ́tù rẹ̀, èmi náà á dìde. Ó dà bí ẹni pé ẹnì kan ti jí mi.

Ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni mo máa ń gun òkè lọ wo Yèyé. Màá gbé iṣu, ẹja gbígbẹ àti iyọ̀ dání. Ọ̀nà náà le. Nígbà míì, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni ènìyàn á fi gun ún, ibi ìsinmi sì wà lójú ọ̀nà tí àgbà máa ń jókòó sí kí èémí wọn lè padà. Tẹ́lẹ̀, èrò kì í dá níbẹ̀. Ní ọdún náà, mo lè gùn ún dé òkè láìpàdé ju ẹni méjì lọ.

Lọ́jọ́ kan tí mo débẹ̀, mo rí èéfín tó ń jáde láti orí ilé àwọn kan tí mo mọ̀ pé wọ́n ti kó lọ ṣáájú wa. Inú mi dùn. Mo rò pé wọ́n ti padà, mo sáré wọlé láti kí wọn. Yèyé nìkan ni mo bá, ó lóṣòó sídìí ààrò wọn, ó ń fẹ́ iná.

"Yèyé, kí lẹ ń ṣe níbí?"

"Mo ń dá iná."

"Fún ta ni?"

Ó nàka sókè. "Fún òrùlé."

Ewé gbòdògì la fi ń bo ilé wa nígbà náà. Èéfín ìdáná ojoojúmọ́ ló ń mú kí ewé náà gan, tí kòkòrò kì í fi í jẹ ẹ́, tí òjò kì í sì í mú un jẹrà. Ilé tí wọn kò dáná nínú rẹ̀ fún oṣù díẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí jò. Tó bá ti jò, omi yóò wọ orí ògiri, ògiri amọ̀ kì í sì í pẹ́ ya tí omi bá ti gba orí wọ inú rẹ̀. Gbogbo ọmọ òkè ló mọ èyí. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń lọ sílé páànù kò rò ó.

Ilé méje ni Yèyé ti ń dáná sí. Ó máa ń ṣa igi láti àárọ̀, yóò wọ ilé yìí, yóò jókòó títí èéfín yóò fi kún òrùlé, yóò pa iná, yóò sì wọ òmíràn.

"Ṣé wọ́n bẹ̀ yín ni?" mo bi í.

"Ta ni yóò bẹ̀ mí? Wọn ò rántí. Bí ìsàlẹ̀ ò bá gbà wọ́n, níbo ni wọ́n ó padà sí?"

Mo bá bá a ṣẹ́ igi. Báyìí ni mo ṣe wọ àwọn ilé tí mi ò wọ̀ rí nígbà tí àwọn onílé wà níbẹ̀. Nínú ilé kan, mo rí ibi tí ọwọ́ ti dán lára òpó, níbi tí àwọn arúgbó ilé náà máa ń dì mú kí wọ́n tó dìde. Nínú òmíràn, wọ́n ti fi èédú sàmì gíga àwọn ọmọ sára ògiri, ọmọ mẹ́rin, ọ̀kan nínú wọn kò kọjá ibi ikùn mi. Yèyé mọ gbogbo wọn. Ó mọ ẹni tó fi amọ̀ mọ ìpele ògiri ìsàlẹ̀ àti ẹni tó mọ ti òkè. Ó mọ yàrá tí wọ́n ti bí ọba kan, ó sì mọ èyí tí obìnrin kan ti jókòó fún ọdún kan gbáko láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Tó bá ń sọ wọ́n, kì í wò mí. Iná ló ń wò.

Ìgbà míì àwọn onílé máa ń gòkè wá, kì í ṣe láti gbé ibẹ̀. Ilẹ̀kùn ni wọ́n ń wá yọ, àwọn ilẹ̀kùn gbígbẹ́ tí ère ẹṣin àti ejò wà lára wọn. Wọ́n fẹ́ kí ohun àtijọ́ wà nínú ilé tuntun, ìyẹn sì dára. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn òkè kò gùn tó fèrèmù ìsàlẹ̀. Mo rí ọ̀kan ní iwájú ilé kan ní ìsàlẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ sórí òkúta mẹ́rin, wọ́n ń sá kòkó lé e. Lórí òkè, ilé tí kò ní ilẹ̀kùn mọ́ di ti ewúrẹ́, Yèyé kì í sì í dáná síbẹ̀ mọ́. Ilé méje di márùn-ún. Márùn-ún di mẹ́ta.

Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ, màá dé ẹ̀yìn ilé wa, màá dúró lókèèrè wo ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ibẹ̀ máa ń mọ́. N kò bi ẹnikẹ́ni bó ṣe ń mọ́.

Ní òjò ọdún kejì, ògiri ilé tó fara ti tiwa wó. Yèyé kò fara pa, ṣùgbọ́n ọ̀rìnrìn náà wọ àyà rẹ̀, ó ń wúkọ́. Ọkọ mi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gòkè lọ. Wọn kò bẹ̀ ẹ́ mọ́. Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí i.

"Yèyé, ẹ gun ẹ̀yìn mi."

"Èmi? Ṣé ọmọ ọwọ́ ni mí?"

"Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ pọ̀n mí."

Ó wò ó, ó sì gùn ún. Àwọn méjèèjì gbà á lọ́wọ́ ara wọn títí a fi dé ìsàlẹ̀. Ní gbogbo ọ̀nà, ó kàn ń bojú wẹ̀yìn.

A fi í sí yàrá tí wọ́n kùn fún un. Mo rò pé ìdáwà mi ti parí, nítorí ẹnì kan ti wà nínú ilé. Ṣùgbọ́n Yèyé kò mọ bí a ṣe ń gbé inú ilé náà, gẹ́gẹ́ bí èmi náà kò ṣe mọ̀ ọ́n. Ó kọ́ kọ́kọ́rọ́ yàrá rẹ̀ sára ìṣó ní ìta, ó ní ẹni tó bá fẹ́ kó lò ó. Ó máa ń fi ìka kan ògiri.

"Ta ló wà ní yàrá kejì?"

"Iṣu ni, Yèyé."

"Ta ló wà ní èyí tó kọjú sí i?"

"Kò sí ẹnìkan."

Lọ́jọ́ kan ó bi mí ta ni wọ́n sin sínú ilé náà. Mo ní kò sí, ilé tuntun ni, ìjọba ò tilẹ̀ fẹ́ kí wọ́n máa sin òkú sínú ilé mọ́. Ó mi orí. "Ilé tí kò sẹ́ni nísàlẹ̀ rẹ̀," ló wí, ó sì gbé ojú kúrò. Ẹ̀gbọ́n mi, oníyọ̀, máa ń wá kí i, á jókòó sẹ́bàá ẹní rẹ̀ díẹ̀. Yèyé kò gbọ́ ìrun tí obìnrin náà ń kí, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ohùn rẹ̀. Ó ní ó kéré tán, ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ láàárọ̀.

Ó lo oṣù méjì. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbé ẹ̀kọ lọ fún un, mi ò bá a. Ẹní wà ní kíká. Mo wá a dé ẹ̀yìn ilé, dé ọjà. Ọkùnrin kan tó ń bọ̀ láti ẹsẹ̀ òkè ló sọ fún mi pé òun rí ìyá arúgbó kan tó ń fi ọ̀pá gun òkè, òun sì kí i, ó dá òun lóhùn dáadáa.

Mo sáré gùn ún. Nínú akódi wa ni mo bá a. Òrùlé ti lu ní ọ̀nà mẹ́ta, omi dúró lórí ilẹ̀, ó sì jókòó sídìí ààrò, ó ń fẹ́ igi tó ti rẹ, èéfín náà ń ta á lójú.

"Ẹ jẹ́ ká lọ sílé, Yèyé."

"Mo ti délé."

Lọ́jọ́ kejì ọkọ mi dé láti oko, wọ́n sọ fún un, ó gòkè wá. Inú bí i. Ó ní gbogbo ìlú yóò sọ pé òun kọ ìyá òun sílẹ̀ lórí àpáta bí ajá.

"Ìwọ kọ́ lo kọ̀ mí," ni Yèyé wí. "Ilé rẹ dára. Èmi ni mi ò lè gbé inú àpótí."

Mi ò mọ ìgbà tí mo la ẹnu. Mo ní, "Èmi á dúró tì wọ́n."

Ọkọ mi wò mí. "Títí di ìgbà wo?"

"Títí di ìgbà tí wọ́n bá ní kí a lọ."

 Ọkọ mi bọ́ agbádá rẹ̀, ó já ewé, ó gun orí ilé, ó sì dí ojú ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kó tó sọ̀ kalẹ̀.  Láti ìgbà yẹn, kò sí ọ̀sẹ̀ tí iṣu kì í gòkè wá.

Èmi àti Yèyé gbé orí òkè láti ìparí òjò títí ọyẹ́ fi dé. Ìdílé bíi mélòó kan ṣì wà lápá ààfin, ṣùgbọ́n ní àdúgbò tiwa, àwa méjì péré ni. Ọ̀bọ ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí àpáta wá jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àwọn tó ti lọ, ẹ̀rù wa kò bà wọ́n. Bí mo bá gún iṣu, àpáta á gba ìró odó náà, á dá a padà, ó dà bí ẹni pé àwọn ìyàwó mìíràn ń gúnyán lókèèrè. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo dáwọ́ dúró láti gbọ́ wọn. Àwọn náà dáwọ́ dúró.

Yèyé kò lágbára mọ́ láti dáná sí ilé mẹ́ta. Mo gbà á ṣe fún un fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n igi jìn, ó sì ku ilé wa nìkan. Kò bá mi wí. Ó kàn bi mí lọ́jọ́ tí mo fi ti ìkẹyìn sílẹ̀ bóyá mo ti ilẹ̀kùn rẹ̀ dáadáa.

Ní àárọ̀ kan tí ọyẹ́ mú, ó ní kí n wá di apá òun mú. A lọ sí ẹ̀yìn ilé, ó gbé ìgbálẹ̀ dání. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbá ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà yíká, ó ṣa ewé kúrò.

"Mo máa ń kí i láràárọ̀," ló wí. "Mo sọ fún un pé ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà."

Mi ò sunkún lọ́jọ́ tí ọmọ náà kú. Wọ́n ní ìyá kì í sunkún àkọ́bí kí àwọn àbúrò lè wá. Lọ́jọ́ yẹn mo jókòó sórí ilẹ̀, mo sunkún títí oòrùn fi gun orí àpáta. Yèyé kò ní kí n dákẹ́. Ó dúró pẹ̀lú ìgbálẹ̀ rẹ̀ títí mo fi ṣe tán.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tó kú. Àárọ̀ ni, ó ní kí n gbé omi kaná kí òun lè bọ́jú. Nígbà tí mo gbé omi náà dé, ó ti fara ti ògiri, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ tutù. Mo pè é. Mo tún pè é. Ẹni tó yẹ kí n ké sí kò sí lẹ́bàá mi. Bí mo bá dúró, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀. Bí mo bá lọ, òun nìkan ni yóò wà. Mo tẹ́ ẹ dáadáa, mo fi aṣọ bò ó, mo kó igi tó pọ̀ sí ààrò kí ilé má baà tutù, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí sáré. Mo ṣubú lẹ́ẹ̀mejì lójú ọ̀nà.

Ẹ̀gbọ́n mi, oníyọ̀, ló kọ́kọ́ rí mi.  Ó wo ojú mi, ó wo orúnkún mi tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ó mọ̀. Ó fi àtẹ rẹ̀ sílẹ̀ láìbò ó, ó lọ ń pe àwọn ènìyàn láti ilé dé ilé, òun tí kì í ṣe ọmọ ìlú.

Wọ́n sin Yèyé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀, nínú yàrá náà. Ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ ilẹ̀, kò jẹ́ kí ẹlòmíràn gba ọkọ́ lọ́wọ́ òun. Nígbà tí wọ́n bò ó tán, mo po amọ̀ pupa, mo fi pa ilẹ̀ yàrá náà láti ògiri dé ògiri, ó sì tẹ́jú. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní kí wọ́n yọ ilẹ̀kùn gbígbẹ́ náà lọ sí ìsàlẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tí yóò tún gbé ibẹ̀. Ọkọ mi ní rárá. Ó fà á dé, ó fi okùn dè é, a sì sọ̀ kalẹ̀.

N kò lè gòkè lọ dáná. Kò pẹ́ tí mo fi lóyún, oyún náà sì ń yọ mí lẹ́nu. Òjò ọdún méjì ló gbà kí òrùlé akódi wa tó já wọlé.

Ọkọ mi rọ́wọ́ mú nídìí kòkó, ó ní òun yóò kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ọ̀gá bíríkìlà tó gbà láti ìlú òkèèrè wá mọ bí wọ́n ṣe ń fi sìmẹ́ǹtì ṣe òdòdó sára òpó. Kí wọ́n tó gbẹ́ ìpìlẹ̀, mo bẹ ọkọ mi pé kó fi ojúde sílẹ̀ ní àárín ilé, kí yàrá yí i ká. Bíríkìlà náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyá, ilé àtijọ́ nìyẹn." Ọkọ mi kò rẹ́rìn-ín. Ó wọn ilẹ̀ náà pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀, síwájú, sẹ́yìn, ó sì padà wá sọ fún mi pé àyè kò gbà á láàrin èèkàn ìjọba. Mo gbà á gbọ́.

Ọdún tí a wọ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà ni ẹ̀gbọ́n mi, oníyọ̀, kó lọ. Ọkọ rẹ̀ ti rí ibi tí òwò ti dára jù ní ọ̀nà Ọ̀wẹnà. Ó wá kí mi, ó fún mi ní ọṣẹ kan àti iyọ̀ tí mo lò títí oṣù kẹta. Mo bi í bóyá ìlú karùn-ún yóò dùn ún. Ó ní òun kò tíì mọ̀, ó di ìgbà tí òun bá débẹ̀. Fún ọjọ́ púpọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, mo ṣì máa ń jí ní àkókò àlùwàlá rẹ̀, màá sì dùbúlẹ̀ láìgbọ́ nǹkan kan.

Ọmọkùnrin ni mo fi oyún yẹn bí, ó yè. Inú ilé yàrá mẹ́rin náà ni mo bí i sí, kí a tó kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n bí síbẹ̀. Nígbà tó tó ọmọ ọdún márùn-ún, mo mú un gun òkè. Mo fẹ́ kó mọ ilé rẹ̀. A sinmi púpọ̀ lójú ọ̀nà, ó ń bi mí ní ìbéèrè, mo sì ń dáhùn. Nígbà tí a dé àdúgbò wa, koríko ti ga jù ú lọ. Ògiri wà, àwọn kan dé àyà mi, àwọn kan dé orúnkún, ilẹ̀kùn ti ṣubú sínú ilé, ikán sì ti mú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan.

"Ìyá, ta ló ń gbé níbí?"

Mo sọ fún un. Mo fi ibi tí ààrò wà hàn án, àti yàrá ìyá bàbá rẹ̀. Mo fi ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ hàn án, ṣùgbọ́n mi ò tíì sọ ẹni tó wà níbẹ̀ fún un. Ó ń gbọ́ mi, ó sì di ìró mi mú ṣinṣin. Afẹ́fẹ́ gba inú koríko kọjá, ọmọ náà sún mọ́ mi.

"Ẹ jẹ́ ká lọ sílé," ló wí.

"Ilé wo?"

Ó wò mí bí ẹni pé mo ń ṣeré. Ó yí padà, ó nàka sí ìsàlẹ̀, níbi tí páànù gbogbo ìlú ti ń dán nínú oòrùn. Mo wò wọ́n títí, n kò dá tiwa mọ̀ láàrin wọn. Mo fa koríko díẹ̀ tu níwájú yàrá Yèyé, ohun tí ọwọ́ mi ká. Lẹ́yìn náà mo pọ̀n ọ́n, nítorí ó ti rẹ̀ ẹ́, a sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀ kalẹ̀.